Àwọ̀ Tí Mo Ń Kọ Sílẹ̀ Láràárọ̀

Gàrí ni mo ń ṣe ní Ìgbó-Ọrà, ohun tí mo sì mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni bí gàrí ṣe ń kan. Bí a bá ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, tí a rọ ọ́ sínú àpò, tí a gbé òkúta lé e, n óò mú èédú, n óò fa ìlà kan sára àpò náà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, n óò fa ìlà kejì. Gàrí àpò onílà kan kì í kan. Àwọn tó ń tẹ ẹ̀bà fún ọmọdé ni wọ́n ń rà á. Ti onílà mẹ́rin a máa kan débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn yóò kọ́kọ́ fún pọ̀ kí ó tó gbé e mì. Ti àwọn oníbàárà wa láti Ìjẹ̀bú nìyẹn, àti ti ọkọ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa ìlà wọ̀nyí, n kò sì ṣì í kà rí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń fojú bu nǹkan ló ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Awakọ̀ ni ọkọ mi nígbà tí a fẹ́ ara wa. Òun ló máa ń kó gàrí wa lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un mọ́, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó gba oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìdèrè. Ọmọ méjì la bí, obìnrin ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé ayé, àwọn méjèèjì sì wà nílé ìwé ní Ìbàdàn báyìí. Nítorí náà, Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é, Ìyá Ìbejì lòun náà ń pè mí. Orúkọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yà wá sọ́tọ̀ ṣá. Ní ìlú tiwa, bí ẹnìkan bá kígbe "Ìyá Ìbejì" lọ́jà, tí obìnrin mẹ́fà kò bá bojú wẹ̀yìn, a jẹ́ pé ọjà ọ̀hún kò tíì kún.

Àyà rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bó bá jẹun tán tó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dìde jókòó, yóò máa fi ọwọ́ pa àárín àyà rẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan.

Bàbá tèmi náà sọ pé kò sí nǹkan. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá nílé ìwé girama ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Òjò ọdún méjì rọ̀ lé ìrora yẹn lórí, gbogbo wa nílé sì ń gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìró òjò lórí páànù, tí á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló jẹ, ìgbà wo ló ń dùn ún. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí dókítà ń béèrè, a kàn ń wo ara wa lójú ni. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni mo ti sọ fún ara mi pé bí nǹkan bá tún ṣe ẹni tí mo fẹ́ràn, n óò béèrè, n óò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àsìkò tí àyà ọkọ mi ń ta á yìí ni obìnrin kan wá sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́bàá ọjà wa. Ó ń ta omi inú ike àti ìwé pélébé kan tó to oríṣiríṣi oúnjẹ sí ọ̀nà méjì. Ó ní ásíìdì ni ìyá gbogbo àìsàn. Ó ní ara tó bá ti kan ni àrùn ń gbé, pé kí ènìyàn máa jẹ ohun tí yóò sọ ara rẹ̀ di álíkáláìnì, ìyẹn èyí tí kò kan. Ẹran, ẹyin, ṣúgà, búrẹ́dì, ògì àti gàrí wà ní apá kan ìwé náà. Ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, kùkúńbà àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní apá kejì.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọsàn wẹ́wẹ́ kan ju gàrí lọ. Báwo ló ṣe bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí kò kan?"

"Bó bá ti dénú ara ló ń yí padà, màmá mi."

"Gàrí ńkọ́ mà? Kí ló dé tí òun kò yí padà?"

Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn pé, "Gàrí ò mọ ènìyàn kankan níbẹ̀ ni!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn ìbéèrè mi. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n gbé lọ sílé. Bébà ni mo gbé.

Bébà tí obìnrin náà fi ń dán ásíìdì wò ni, kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ ní gígùn. Ó ti ọ̀kan bọ mínírà, ó di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ó ti òmíràn bọ omi tirẹ̀, ó di àwọ̀ ewé. Ó ní bí ènìyàn bá ti í bọ ìtọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, yóò mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Èyí ló ṣẹ́gun mi. Bàbá mi kú, kò sí ohun kan tí a lè tọ́ka sí. Ohun tí mo lè máa wò láràárọ̀ kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ rèé. Mo fi omi rẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo ra páálí bébà kan.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ife ike kan síwájú ọkọ mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ óò máa tọ̀ sínú ife yìí láràárọ̀."

Ó wo ife náà, ó wò mí. "Ife tí mo fi ń mu tíì?"

"Rárá o, òmíràn ni. Mo ti fi èédú sàmì sí i nídìí."

"Ìlà mélòó?"

"Ọ̀kan."

"Ó dáa. Kí ìwọ tí o fa ìlà náà ṣáà má gbàgbé o."

Ojú ń tì í láti gbé ìtọ̀ jáde fún mi. A fẹnu kò pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti bébà náà bọ ọ́ ní balùwẹ̀, yóò da ìtọ̀ nù, yóò sì gbé bébà nìkan wá fún mi lórí àwo. Ọjọ́ kìíní, àwọ̀ ìyeyè ló ní. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ìyeyè. Ọjọ́ kejì, ìyeyè. Ọjọ́ kẹta ó pọ́n díẹ̀ sí i. Mo kọ ọ́: ó ti ń lọ sí ọsàn.

Mo bá mú ìwé pélébé náà, mo sì ń tẹ̀ lé e. Mo gba gàrí lẹ́nu ọkùnrin tó ti ń mu gàrí onílà mẹ́rin lọ́sàn-án láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀. Mo gba ògì, mo gba ẹran. Mo dín ata kù. Iyọ̀ ti dín kù nílé wa tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oúnjẹ alẹ́ tí a máa ń jẹ lẹ́yìn ìrun ìṣá, mo gbé e wá sí kété lẹ́yìn ìrun àṣàálẹ́. Mo ń se ẹ̀fọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ fún un, mo ń gé ìbẹ́pẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gé kùkúńbà síwájú rẹ̀, ó mú ọ̀kan sókè, ó gbé e yẹ ìmọ́lẹ̀ wò.

"Ìyá Ìbejì, èyí, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n mu ún?"

"Ẹ jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Omi ni mo pè é ni."

Kò kùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àyà rẹ̀ dẹ́kun títa. Ó yẹ kí n dúpẹ́, kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà kò yí padà. Ìyeyè, ìyeyè, ọsàn, ìyeyè. Mo ń rò ó pé àrùn náà ṣì wà nínú ara rẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni, bí ti bàbá mi.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tèmi ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi ohun kíkan ṣe iṣẹ́ mọ ohun tó ń pa kíkan. Káún ni. Ìyá mi a máa ju káún bíńtín sí ògì tó bá ti kan jù. Bí a bá ń se ìlasa, ewé ilá tútù tí a fi ń jẹun nílé wa, káún la fi ń mú un rọ̀. Mo gún káún, mo pò ó mọ́ omi, mo jẹ́ kó tòrò, mo rọ èyí tó mọ́ sínú ìgò. Mo ti bébà kan bọ̀ ọ́. Kíá ló di àwọ̀ ewé tó ṣú. Ohun tí obìnrin yẹn ń tà lówó gọbọi, ó wà nínú ilé ìdáná mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ṣíbí kan kún un nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀.

"Kí lèyí?" ló bi mí.

"Oògùn ásíìdì ni."

"Ṣé ó wà nínú ìwé obìnrin náà?"

"Kò sí níbẹ̀. Tèmi ni."

Ó dijú, ó mu ún. Ilẹ̀ mọ́, bébà jẹ́ ìyeyè. Mo sọ ọ́ di ṣíbí méjì. Ìyeyè náà ni. Mo rántí pé mo jókòó ti ìwé mi lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ̀kọ mi ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń ka àwọn ìyeyè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi ń fọ ẹnu nídìí kànga. N kò mọ̀ pé ó ń wò mí.

Nígbà tó yá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àwo jáde láti balùwẹ̀, bébà orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Mo pariwo. Èmi tí n kì í pariwo. Mo gbé bébà náà sún mọ́ páálí tí àwọ̀ wà lára rẹ̀, mo fi wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ewé ni. Ọkọ mi dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ dúdú. Mo rò pé ó ti wẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì, ewé. Ọjọ́ kẹta, ó tilẹ̀ ṣú kọjá ewé, ó di àwọ̀ aró. Mo kọ ọ́: aró, mo fa ìlà sí i nídìí. Láti ìgbà náà lọ, ewé ni lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ń rí ewé náà ni mo ń sọ pé káún ti ń ṣiṣẹ́, kí n má ṣe dín in kù. Mo fi ṣíbí kan kún un.

Níbi tí a ti ń yan gàrí, obìnrin kan wà tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tí iná rẹ̀ kángun sí tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò bára tan. Ó ti gbọ́.

"Ìyá Ìbejì, wọ́n ní o ń wọn ìtọ̀ ọkọ rẹ bí ẹni ń wọn epo pupa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń tọ́jú wọn ni."

"Èmi ti wà nílé ọkọ láti ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ àwọ̀ ìtọ̀ ọkọ mi. Ẹ̀yìn ilé mi tó ń tọ̀ sí nìkan ni mo mọ̀."

Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dá igbá tó fi ń ro gàrí rẹ̀ dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo rí i ní mọ́sálásí ní Jímọ̀ tó kọjá. Ojú rẹ̀ wú. Ṣé sísanra ló ń sanra ni?"

Mo ní ara rẹ̀ ti ń dá ni. Mo ní kó wá wo ìwé mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ mi jókòó lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé ní òwúrọ̀ tó ń lọ sóko, tó ń fa bàtà róbà rẹ̀ wọ̀. Bàtà kò wọ̀. Ó fà á, ó gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò wọ̀.

"Òjò àná ló sún bàtà yìí kì," ló wí.

Róbà kì í sún kì nítorí òjò. Mo kúnlẹ̀, mo yọ bàtà náà, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń dán. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn mọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe máa ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ ti tán. Bí omi bá ṣì wà nínú àpò, ojú ìka a máa dúró síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, ojú ìka mi sì dúró sẹ́sẹ̀ ọkọ mi, ihò kan báyìí, kò dìde.

N kò pariwo. Mo wọlé, mo mú ìwé mi, mo mú páálí bébà. Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn, òun láàárín, èmi lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà.

Ọmọ Ayétẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó gbà wá, obìnrin tó ṣe bí ẹgbẹ́ mi. Ó so ẹ̀rọ mọ́ apá ọkọ mi, ó wò ó, ó tú u, ó tún un so.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

"Mò ń lò ó. N kì í fo ọjọ́ kan."

"Kí lẹ ń jẹ?"

Ìbéèrè tí dókítà bi wá nípa bàbá mi náà nìyí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní ìdáhùn. Mo ṣí ìwé mi, mo sì kà á fún un: ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, kùkúńbà, ẹ̀wà, ìlasa, kò sí gàrí, kò sí ẹran, omi káún ṣíbí kan láàárọ̀, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, yàtọ̀ sí ti inú ọbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi káún, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kà á padà, màmá. Ṣíbí mélòó?"

"Mẹ́ta láàárọ̀. Ọ̀kan nínú ọbẹ̀."

"Màmá, ẹ̀gbọ́n iyọ̀ ni káún. A ní kí bàbá dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ mú iyọ̀ kúrò, ẹ wá ń bu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wọn mu. Òun ló ń dá omi dúró sí wọn lára."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ewé ni láràárọ̀." Mo yí ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó wò ó, ó gbọn orí. Ó fún ọkọ mi ní ife kan, ó júwe ilé ìtọ̀ fún un. Ọkọ mi wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tó gbé ife náà dé, nọ́ọ̀sì yọ bébà kan nínú páálí mi, ó ti í bọ̀ ọ́ lójú wa.

Ìyeyè.

Mo ní kó jọ̀ọ́ mú òmíràn. Ó mú òmíràn. Ìyeyè.

"Bébà yìí ti bàjẹ́," ni mo wí.

"Kò bàjẹ́," ni ọkọ mi wí. Ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọṣẹ dúdú ni."

"Ọṣẹ dúdú wo?"

"Èyí tó wà nínú igbá ní balùwẹ̀. Mo máa ń ti bébà náà bọ omi rẹ̀ kí n tó gbé e fún ọ."

"Nítorí kí ni, Bàbá Ìbejì?"

"Ọjọ́ tó bá ti jẹ́ ìyeyè, o kì í jẹun. O rò pé n kò rí i. Wàá jókòó ti ìwé yẹn bí ẹni jókòó ti òkú. Mo ní kí n wá àwọ̀ ewé kan fún ọ, kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ó gbé ojú sókè wò mí. "Mo tún rò pé bóyá wàá fún mi ní gàrí."

Nọ́ọ̀sì yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu.

"Ọjọ́ tó di aró ńkọ́?"

"Ọṣẹ ló pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi omi là á."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yí padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mọ ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀fọ́ tàbí gàrí tó lè yí ìwọ̀n náà padà. Ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó ní ìtọ̀ ni ohun tí ara kò fẹ́, tó dà nù. Ó wá ní, "Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe, màmá?" Mo ní gàrí ni. "Ẹ ṣé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí gàrí yín ṣe rí, ṣé omi tó ń ṣàn lábẹ́ àpò lẹ máa ń tọ́ wò?"

Mo ní rárá.

"Ohun tí ẹ ń kọ sínú ìwé yẹn nìyẹn."

Ó ní àyà tó ń ta ọkọ mi, omi kíkan inú ikùn ló ń rú sókè sí ọ̀fun. Oúnjẹ tó pẹ́, ata, àti dídùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló ń fà á. Èyí tí mo yí padà nínú ìyẹn ló wò ó sàn. Ó ní kí n má ṣe fi ẹ̀fọ́ àti èso sílẹ̀. Dókítà wọlé, ó pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wo kíndìnrín. Wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ karùn-ún.

Ọjọ́ márùn-ún yẹn, n kò lè sọ bó ṣe gùn tó. Nígbà tí a délé, mo da omi káún nù sídìí kànga, mo fọ ìgò náà, mo tún un fọ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹnu mi kò gbé e. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú nítorí pé wọn kò béèrè nǹkan kan, òun náà ló wá ń béèrè títí tó fi dá omi dúró sínú ara ọkọ rẹ̀. Mo ń rò ó pé bí bébà bá ti jẹ́ ìyeyè títí, bóyá ǹ bá ti fi káún sílẹ̀. Mo tún ń rò ó pé bóyá ṣíbí mẹ́wàá ni ǹ bá fi dé. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ń mú ewé kúrò lára ìtàkùn gbọ̀ọ̀rọ̀, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi já a.

"Ìwọ fi káún sí i, èmi fi ọṣẹ sí i. Àwa méjèèjì la jọ se ọbẹ̀ yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

"Èmi ni mo jẹ ẹ́," ló wí, ó sì mú ewé mìíràn.

Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi pé kí n máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ kó tó dìde lórí ibùsùn, kí n ka eéní, èjì, kí n wo ìgbà tí ihò náà yóò dìde. Ọjọ́ kìíní, mo kà dé ogún. Ọjọ́ kejì, méjìdínlógún. Mo ya ojú ìwé tí àwọ̀ wà kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun. Bí mo bá ti gbé ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ á na ẹsẹ̀ sí mi, á máa wo ojú mi dípò ẹsẹ̀. "Kà á sókè," á wí, "kí èmi náà gbọ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo kà dé mọ́kànlá. A gun ọ̀kadà padà lọ. Nọ́ọ̀sì mú ìwé kan jáde, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, mo sì di etí bẹ́ńṣì mú. Ó ní kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní a tètè dé. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi níwájú gbogbo èrò, ohun tí kì í ṣe rí.

Kí a tó kúrò, ó bi nọ́ọ̀sì léèrè.

"Gàrí ńkọ́?"

"Kékeré, bàbá. Lọ́sàn-án, kì í ṣe lálẹ́. Èyí tó kan jù lè tún ta yín láyà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín fojú tó o."

Lọ́sẹ̀ yẹn mo ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó kù, mo gbé òkúta kékeré lé e. Ìlà méjì ni mo fà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní ta ló ń ra irú èyí, kò kan, kò sì dùn. Mo ní oníbàárà mi kan ni. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí iná rẹ̀.

Ọkọ mi fi omi tútù sí i, ó ju ẹ̀pà díẹ̀ lé e, ó mu ún.

"Èyí kò kan."

"Ó kan díẹ̀."

"Ìlà mélòó?"

"Méjì."

"Fi ọ̀kan kún un, Ìyá Ìbejì."

"Rárá o."

Ó mu ún tán. Ó tẹ ife náà dé ojú, ó gbá ìdí rẹ̀ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè bọ́ sí i lẹ́nu.

Ìgbà tí òjò kejì ọ̀sẹ̀ yẹn dá, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé, bàtà róbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dìde, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún na ọ̀tún sí mi. Mo kúnlẹ̀. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti hàn padà, mo rí ojú ọgbẹ́ àtijọ́ tí ọkọ́ ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Eéní," ni mo wí, ihò náà sì ti dìde kí n tó sọ èjì.

Mo di bàtà náà mú fún un. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé láìfà. Ó ti èkejì bọ̀ ọ́. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mú àdá, ó sì gba ọ̀nà Ìdèrè lọ.